Ilé Ìwòsàn Sinkor àti Àrùn Tí Ń Padà Wá

Ojú, ọba ara, ọ̀gá ẹ̀yà gbogbo, ní ọ̀tá kan tí ó fẹ́ràn ọmọdé: jẹjẹrẹ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní retinoblastoma, tí ń hù lára awọ inú lọ́hùn-ún tí ń gba ìmọ́lẹ̀, tí ìyá sì sábà máa ń kọ́kọ́ fura sí nígbà tí ó bá rí i pé ẹyinjú ọmọ òun ń tàn funfun bí ojú ológbò lóru. Láti ọdún 1809 ni James Wardrop, oníṣẹ́-abẹ ará Scotland, ti gbà pé kí a tètè yọ irú ojú bẹ́ẹ̀ kí ọmọ lè yè. Albrecht von Graefe ará Jámánì sì tẹnu mọ́ ọn lẹ́yìn náà pé kí a gé iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jìnnà sẹ́yìn, nítorí pé èyí tí ó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ni àrùn fi ń padà hù nínú ihò ojú, pàápàá láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ní ọdún 1971, Alfred Knudson ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé ìdí tí a fi ń bí àrùn yìí mọ́ àwọn ọmọ kan, tí ó fi lè mú ojú wọn kejì lẹ́yìn tí a ti wo ti àkọ́kọ́ sàn. Ọdún náà gan-an ni ilé ìwòsàn John F. Kennedy ṣílẹ̀kùn ní Sinkor, létí òkun Monrovia, èso ìbẹ̀wò tí Ààrẹ William Tubman ti Liberia ṣe sọ́dọ̀ Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà ní 1961. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, 1989, ogun bẹ̀rẹ̀ ní Liberia. Àwọn ọmọ ogun ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dé ní 1990, síbẹ̀ títí di 2003 ni ìlú ń jó tí ó ń rọ̀, tí ilé ìwòsàn ńlá náà sì bàjẹ́. Àrùn tí ń padà wá kì í dúró de àlàáfíà. Ta ni yóò yẹ ojú ọmọ wò ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìtọ́jú, nígbà tí ìbọn ń dún ní òpópó Tubman? Lójú tèmi, àìrí ẹni yẹ ojú ọmọ wò yìí wà lára ìparun ogun tí a kì í kà mọ́ òkú.

Àrùn Ebola tún dé ní 2014, ó sì mú Dókítà Samuel Brisbane, àgbà oníṣègùn ilé ìwòsàn náà, lọ. Ní 2017 ni a ṣí Liberia Eye Center nínú ọgbà kan náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ìwòsàn ojú LV Prasad láti Íńdíà.

Ẹ̀yin òbí tí a ti tọ́jú ojú ọmọ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí eré tí ọmọ ń ṣe tàn yín. Ẹ gbé e padà lọ ní ọjọ́ tí dókítà bá dá, kí ẹ sì mú àwọn àbúrò rẹ̀ dání, kí wọ́n lè yẹ ojú tiwọn náà wò.