Láti Ìdí Ààrò Dé Ìdí Mítà: Bí Àwọn Tó Bí Wa Ṣe Ń Ṣọ́ Iná Lò

Láti ìgbà tí owó iná ti gbẹ́nu sókè, ìbéèrè kan ló ń da ọ̀pọ̀ ilé rú: "Ta ló tan AC sílẹ̀?" Bàbá ń bínú, ìyá ń ráhùn, àwọn ọmọ ń búra pé àwọn kọ́. Ó wá dà bíi pé ṣíṣọ́ iná lò jẹ́ ìyà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Tí a bá wo ẹ̀yìn wò, a ó rí i pé àwọn tó bí wa mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwa la gbàgbé, ohun tó sì jẹ́ ká gbàgbé wà nínú ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ààrò. Nílé Yorùbá àtijọ́, wọn kì í ṣàdédé dáná. Oko ni wọ́n ti ń ru igi ìdáná wálé, ẹni tó sì rù ú ló mọ bó ṣe wúwo tó. Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ Utako yìí kí ìjọba tó sọ ọ́ di ara olú-ìlú náà mọ̀ ọ́n. Èjìká ni àwọn ìyá tiwọn fi ń ru igi, kì í ṣe orí bíi tiwa. Bí ọbẹ̀ bá ti jinná, wọn á fa igi sẹ́yìn, wọn á pa á, wọn á tọ́jú rẹ̀ de ọ̀la. Wọn á fi eérú bo ẹyin iná kó má bàa kú mọ́jú. Ilé tí iná tiẹ̀ bá kú, ọmọ ni wọn á rán lọ fọnná nílé kejì. Ibẹ̀ la ti rí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún àlejò tó ń kánjú títí dòní pé, "Ṣé iná lo wá fọn ni?"

Ìyá tó fẹ́ se ẹ̀wà á ju kán-ún díẹ̀ sí i kó lè tètè rọ̀, kí igi má bàa jó jù. Omi tútù wà nínú àmù, láìsí fíríìjì. Ògiri alámọ̀ nípọn débi pé oòrùn ọ̀sán kì í tètè wọ yàrá.

Bákan náà ni ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo pupa tán, wọn kì í da ìháhá nù. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ògùṣọ̀. Epo àti òwú ló wà nínú àtùpà. Nígbà tí kẹrosíìnì dé láti òkè òkun, agolo tí ohun inú rẹ̀ ti tán di fìtílà. Bí lántánì sì dé, wọn á yí òwú rẹ̀ sílẹ̀ bí gbogbo ilé bá ti fẹ́ sùn. Ahun kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ojú wọn ni epo ṣe ń lọ sílẹ̀, ojú wọn ni òkìtì igi ṣe ń dínkù. Ẹni tó bá ń rí ohun tó ń tán kò nílò ìwàásù kó tó ṣọ́ ọ lò.

Iná mọ̀nàmọ́ná wá dé. Èkó ló kọ́kọ́ débẹ̀, ní 1896. Ní 1950, ìjọba ṣe òfin tó dá ECN sílẹ̀ láti kó iná onírúurú ìlú sábẹ́ àkóso kan. Ní nǹkan bíi 1968 sí 1969, wọ́n parí ìdídò Kainji lórí Odò Ọya, iná bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ibẹ̀. Ní 1972, wọ́n pa ECN àti àjọ tó ń bójú tó ìdídò pọ̀, ó di NEPA, orúkọ tí ẹnu wa kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Títí dòní, bí iná bá dé ní Utako, "Up NEPA!" làwọn ọmọdé ń pariwo, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò tíì bí nígbà tí NEPA di PHCN ní 2005.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣeé fojú rí bí ó ṣe ń tán. Mítà nìkan ló lè fi hàn wá, mítà kò sì kárí. Bílì àfojúdá gbòde: wọn á jókòó sí ọ́fíìsì, wọn á fojú dá iye tí ilé kan yóò san. Ẹni tó ní gílóòbù méjì àti fáànù kan lè gba bílì kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní fírísà àti AC. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tó ní mítà kan, wọn á pín owó sí ọ̀nà mẹ́wàá, ẹni tó ń ṣọ́ iná lò á máa san ti ẹni tó ń fi ríìngì se omi láràárọ̀. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kí ni èrè ẹni tó ń pa gílóòbù? Kò sí. Àwọn ènìyàn tiẹ̀ ń fi síwíìṣì sílẹ̀ ní títàn kí wọ́n lè mọ ìgbà tí iná bá dé. Iná á dé lóru, gbogbo ilé á mọ́lẹ̀ rokoṣo, onílé á máa hanrun.

Àmọ́ ìwà àtijọ́ yẹn kò kú nínú wa o. Ẹ wo ẹ̀rí méjì. Nígbà ọ̀wọ́n epo ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ìdílé padà sí sítóòfù èédú tí wọ́n sọ lórúkọ Abacha, kíá ni àwọn ìyá wa sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka èédú. Ẹ̀rí kejì ni jẹnẹrétọ̀. Bàbá tó ń fi gílóòbù NEPA sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, òun kan náà ló ń wọn bẹntiróòlù ní lítà lítà, tó ń pa jẹnẹrétọ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ènìyàn kan náà ni, ilé kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ń rí bẹntiróòlù tó ń tán.

Ní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fi pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, AEDC sì ni tiwa níhìn-ín. Ní 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn oníbàárà sí ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí wọ́n ń rí iná. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, tí iná wọn yẹ kó tó ogún wákàtí lóòjọ́, fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225. Ó rọlẹ̀ sí 206.80 ní oṣù karùn-ún, ó tún di 209.50 ní oṣù keje. Mítà alásansílẹ̀ wá dá ojú wa padà fún wa. Nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀ bí epo inú àtùpà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọgbọ́n ìdí ààrò ṣírò rẹ̀. Yúníìtì kan ni ohun tí ẹ̀rọ 1,000 wáàtì ń jẹ ní wákàtí kan. Gílóòbù àtijọ́ márùn-ún tó jẹ́ 60 wáàtì, tí a bá tàn wọ́n fún wákàtí mẹ́fà, 1.8 yúníìtì ni, ní 209.50, ó tó 377 náírà lálẹ́ kan. LED márùn-ún tó jẹ́ 9 wáàtì, 57 náírà péré. Lóṣù kan, 11,300 àti 1,700 ni, ká tó fi VAT kún un. Fáànù 70 wáàtì ń jẹ nǹkan bíi 15 náírà ní wákàtí kan. AC kékeré tó ń jẹ 900 wáàtì, tí kò bá sinmi, tó nǹkan bíi 190.

Nítorí náà, ohun tó ń gbóná àti ohun tó ń mú yàrá tutù ló ń jẹ owó jù. Ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kó má jẹ́ ẹyọ kan láràárọ̀. Ẹ yọ ríìngì kúrò nídìí omi ìwẹ̀. Ẹ dé ìkòkò yín. Ẹ ṣí fèrèsé nírọ̀lẹ́, ẹ fa kọ́tìnì nígbà oòrùn. Ẹ ka mítà láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì fi iṣẹ́ kíkà yẹn fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ. Á dín ìjà kù ju ìbínú lọ. Ẹ̀yin tó jọ ń lo mítà kan nínú kọ́ḿpáùǹdù, ẹ má pín owó sí iye yàrá mọ́. Ẹ fi mítà kéékèèké sí yàrá kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹ ṣírò ohun tí olúkúlùkù ní. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń sọ aládùúgbò di ọ̀tá.

"Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí ìyá tàbí ìyá-ìyá yín máa ń ṣe láti fi tọ́jú igi, epo tàbí kẹrosíìnì sísàlẹ̀ ibí, kí àwọn ọmọ tí a bí sí Àbújá lè kà á.