Ọjọ́ Tó Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹwàá ni, ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ọjọ́ náà. Òun ló ṣí fóònù rẹ̀ fún mi kí n lè to wákàtí rẹ̀ tẹ̀léra, àdéhùn wa sì ni pé n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ SS ni wọ́n bí i mọ́, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

5:20 àárọ̀

Ìrora itan òsì ló jí i. Òtútù àkọ́kọ́ ọdún náà ti wọ̀lú lálẹ́ àná, òtútù kì í sì í bá ẹlẹ́jẹ̀ SS ṣọ̀rẹ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì ti ráàyè kọjá, ìrora á dé. Ó mu omi púpọ̀, ó gbé kápúsù hydroxyurea rẹ̀ mì, ó fi páàdì oníná gbé itan. Irú ìrora tó ń gbéni lọ sí ọsibítù kọ́ ni èyí. Èyí téèyàn lè máa rẹ́rìn-ín lé lórí ni. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni wàhálà ọjọ́ náà, nítorí ní aago mẹ́wàá àbọ̀ ó ní láti jókòó síwájú àlejò kan, kó sì jẹ́wọ́ pé ara òun kò le.

7:40

Ìyá rẹ̀ pè é lórí WhatsApp. Ṣé o ti lo oògùn ẹ? Mo ti lò ó, Mọ́mì. Ṣé o jẹun? Ẹ má ṣèyọnu, mà. Kò sọ ibi tó ń lọ.

Òfin ilé wọn ni: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibà ló máa ń ṣe é. Níbi àríyá, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. N kò lè dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì dàgbà, pásítọ̀ á gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ àti ìyàwó kó tó so wọ́n pọ̀, ọmọbìnrin tí ìròyìn rẹ̀ bá sì ti jáde, ẹbí ọkọ ọ̀la á ti gbọ́ kí ọkọ fúnra rẹ̀ tó yọjú. Wọ́n fẹ́ dáàbò bo ọmọ wọn ni. Ohun tí wọ́n kò rò ni pé ọmọ tó fi ọdún méjìdínlógún kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ yóò dé ibi kan tí kò ti ní rí ìrànlọ́wọ́ àfi tó bá sọ ọ́.

9:00

Kíláàsì bàọ́lọ́jì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó ń gun òkè lọ, ó dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó ń tẹ fóònù rẹ̀ bí ẹni tó ń dá ẹnì kan lóhùn. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

10:30

Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn tàbí àbùkù ara ń dí lọ́wọ́. Nígbà tó wà ní ilé ìwé girama, òun kọ́ ló wá ọ́fíìsì lọ: òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún àwọn aláṣẹ ilé ìwé àdúgbò láti wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n pe ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì jọ ṣètò. Ọjọ́ tó wọ yunifásítì nìyẹn parí. Abala òfin ọdún 1973 tí wọ́n ń pè ní Section 504, àti ADA, òfin ọdún 1990 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí àìsàn tàbí àbùkù ara ń dí lọ́wọ́, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá bèèrè. Ètò ti tẹ́lẹ̀ kì í tẹ̀ lé e wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í mọ̀ títí wọ́n á fi fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Obìnrin tó dá a lóhùn bi í pé báwo ni àìsàn náà ṣe máa ń rí. "Kò burú." Ọjọ́ tí kò bá dáa ńkọ́? "Mo máa ń mú un mọ́ra." Obìnrin náà fi báírò sílẹ̀, ó wá bi í pé báwo ló ṣe rìn wá sí kíláàsì láàárọ̀ yìí. Ìgbà tó dé orí ibi tó ti dúró lẹ́ẹ̀mejì, tó sọ nípa fóònù, ni obìnrin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ọmọ náà tún ní ohun mìíràn lọ́kàn: ṣé ẹni tí ara rẹ̀ ń dá ṣáṣá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́? Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọ́n tún òfin ADA ṣe ní 2008, ó sì sọ kedere pé àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá dé ni a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ohun méjì kò yọrí. Lẹ́tà dókítà tó mú wá dárúkọ àìsàn, kò sọ ohun tí àìsàn náà kò jẹ́ kó lè ṣe, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gba òmíràn. Ìkejì ló dùn mí jù. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ló sùn mọ́jú, ó sì ti ibẹ̀ lọ jókòó ìdánwò kẹ́mísírì. Ó gbòdo. Ṣé wọ́n lè jẹ́ kó tún un ṣe? Rárá, ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i ló máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í padà sẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn àrùn yìí nínú ìwé àwọn dókítà òyìnbó, ó sì yẹ kí àwọn ilé ìwé rántí ìyẹn. Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní Chicago, ló wọ ọsibítù ní ìparí ọdún 1904. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni dókítà James Herrick kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1910. Noel ń ṣàìsàn léraléra, síbẹ̀ ó gboyè rẹ̀ ní 1907. Kò sí ọ́fíìsì kankan tí ì bá kanlẹ̀kùn rẹ̀.

12:15 ọ̀sán

Ó ní láti sọ fún ìyá rẹ̀ kó tó lè gba lẹ́tà mìíràn, nítorí orúkọ wọn ló wà lórí ìwé ọsibítù. Kí ló tún kù? Ìyá rẹ̀ pe yunifásítì. Àwọn ará ibẹ̀ dá wọn lóhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé àwọn kò lè sọ ohunkóhun láìjẹ́ pé ọmọ fọwọ́ sí i; òfin ọdún 1974 ló gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ òbí, tó sì gbé e fún ọmọ tó ti wọ yunifásítì. Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi pè lẹ́yìn náà. "Àbí èmi kọ́ ni mò ń san owó ilé ìwé? Ọmọ mi kì í ṣe arọ! Kí ló gbé e débẹ̀?" Mo jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.

3:50

Nọ́ọ̀sì kan tó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe bá wọn kọ lẹ́tà tuntun, dókítà sì fọwọ́ sí i.

6:10 ìrọ̀lẹ́

Ìwé àṣẹ ti jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdajì àkókò lé lórí ìdánwò, àyè láti mu omi kó sì lọ tọ̀, yàrá tó móoru, àǹfààní láti ṣe ìdánwò lọ́jọ́ mìíràn bí kíráísì, ìyẹn ìrora líle àìsàn náà, bá dé. Olùkọ́ kẹ́mísírì fèsì ní ìlà méjì pé kò sí ìṣòro. Ti láàbù takú: iṣẹ́ tí a ń fọwọ́ ṣe ni, ẹni tó bá pa á jẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kò lè yege. Kò pàṣẹ lásán o. Òfin kò fipá mú ilé ìwé láti yí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ padà. Ọ́fíìsì ní kí ọmọ náà fi àkọsílẹ̀ bí kíráísì ṣe máa ń wá ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n lè bá olùkọ́ náà jíròrò.

9:15 alẹ́

Ó ka ìwé àṣẹ náà fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní kó tún un kà. Wọ́n ń wá orúkọ àìsàn níbẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ohun tí olùkọ́ yóò ṣe nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì sí olùkọ́ tó máa mọ ohun tó ń ṣe é àyàfi tó bá fẹ́ sọ.

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ọmọ Nàìjíríà ni?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Ó dáa."

Nígbà tó wá bi wọ́n léèrè ìgbà tí kíráísì wá lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó dúró. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ni wọ́n gbé dé, àwọn tó fi gbogbo nǹkan pamọ́: gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù láti Ìbàdàn, ọjọ́ rẹ̀, oògùn tí wọ́n fún un, iye omi tí wọ́n fà sí i lára. Wọ́n ń kà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó wá dá ọ̀kan mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu pé ìrora bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú èyí tí wọ́n kọ, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni, ó ní ìdánwò ìṣirò.

"O lọ sílé ìwé bẹ́ẹ̀?"

"Mo lọ, mà."

"Kọ ìyẹn náà síbẹ̀."