Kí Ìtànṣán Tó Wọ Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ta ìrẹsì ọ̀fàdà ní Owódé Ẹ̀gbá, wúkọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Oògùn ikọ́ ife ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ìgbà tí wọ́n wá rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, wọ́n ní ká gbé e lọ sí Èkó, kí wọ́n lè fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí a débẹ̀, wọn ò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kankan. Wọ́n ní kó sùn sórí tábìlì CT scan. Ohùn kan ń jáde: "Bàbá, ẹ fa èémí sínú. Ẹ dá a dúró."

Bó ṣe jáde, ó ní, "Ṣebí wọ́n ti ya àyà mi ní Abẹ́òkúta, kí ni wọ́n tún ń yà?" Èmi tí mo ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ò rí nǹkan kan sọ. Ilé ni mo ti lọ wá a.

Oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán X-ray ní Jámánì. Ọdún yẹn náà ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. (Kò kan ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ẹ jẹ́ n yangàn díẹ̀.) Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtànṣán bá jẹjẹrẹ jà. Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ni fọ́tò X-ray: egungun ìhà, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró gorí ara wọn.

Ní 1956, ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town ní kí olùkọ́ físíìsì kan, Allan Cormack, máa bá wọn bójú tó iṣẹ́ ìtànṣán. Ó rí i pé bí wọ́n bá ń ṣírò ìwọ̀n ìtànṣán fún aláìsàn, bí ẹni pé ara rí bákan náà látòkèdélẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ara ò rí bẹ́ẹ̀! Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìtànṣán tó bá gba ibẹ̀ kọjá kì í rẹ̀ bí èyí tó gba inú ẹran tàbí egungun. Cormack wá ìṣirò tó lè sọ, láti ìta, bí ibi kọ̀ọ̀kan nínú ara ṣe ń gba ìtànṣán. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963 àti 1964. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Godfrey Hounsfield, tó ti kọ́ kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ EMI, ò mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tó ṣe ẹ̀rọ CT. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 1979, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe dókítà. Nọ́ńbà ni àwòrán CT: omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000. Nọ́ńbà yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò ìtànṣán lónìí. Ti èémí sì ni pé kókó inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń rìn bí a bá ti ń mí. Bí ẹ ò bá mọ ibi tó ń rìn dé, ẹ lè tàsé rẹ̀, kí ẹ jó ọkàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní 2019 wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun. Owódé ò sún mọ́ Èkó fún ẹni tó ń wúkọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, a ń gba Ọ̀fàdà àti Mówé kọjá. Inú ọkọ̀ ni mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún Bàbá.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bí mo bá wá wúkọ́ lórí tábìlì yẹn ńkọ́?"

Mo ní kó bi wọ́n. Ó bi wọ́n lóòótọ́. Wọ́n ní, "Bàbá, à ń wò yín. Bí ẹ bá wúkọ́, a ó dá ẹ̀rọ dúró."