Àṣìṣe Mi Lórí Ìwé Àwọn Ará Japan

Nígbà tí mo ka ìwé ìkọ́ni èdè Japan tán, mo ṣe bí ẹni pé mo ti gbọ́ èdè náà. Mo wá ṣí Kokoro, ìwé Natsume Soseki, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ní 1914. Kíá ni mo kọsẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n pa á tì, mo ní òpè ni mí.

Ìtàn ni ó tù mí nínú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1946, lẹ́yìn ogun, ìjọba Japan tún ọ̀nà ìkọ̀wé ṣe kí ó lè súnmọ́ bí ẹnu ti ń pe ọ̀rọ̀, wọ́n sì yan àmì 1,850 fún ìlò gbogbo ènìyàn. Ṣáájú èyí, “kefu” ni wọ́n ń kọ, “kyō” ni wọ́n ń pè é, èyí ni “òní”. Ìkọ̀wé tuntun nìkan ni ìwé ìkọ́ni fi hàn mí.

Ẹni tí ó bá ti rí “aiye” nínú ìwé àwọn baba wa, tí ó mọ̀ pé “ayé” ni, kò ní fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti padà sí Kokoro báyìí, ojú ewé kan ní alẹ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.