Sọ́jà tó sọnù lójú ogun: bí ìdílé ṣe lè wá orúkọ rẹ̀

Sọ́jà tó sọnù ni ẹni tó lọ jagun, tí kò padà wálé, tí wọn kò sì rí òkú rẹ̀. "Disparu" ni àwọn Faransé ń pè é. Àwọn ará ilé kò rí i mọ́, wọn kò sì rí sàréè tí wọ́n máa dúró tì.

Ilẹ̀ wa ní irú wọn. Nígbà ogun 1914 sí 1918, abẹ́ Faransé ni Dahomey wà. Faransé kó nǹkan bí 200,000 ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà sínú ẹgbẹ́ "tirailleurs sénégalais". Nǹkan bí 30,000 ló kú. Orúkọ Senegal ni wọ́n fi ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Dahomey wà nínú wọn. Lágbègbè Kétu, ọ̀pọ̀ èèyàn sá kọjá sí Nàìjíríà kí wọ́n má baà kó wọn lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń rántí wọn

Ní Douaumont, lẹ́bàá Verdun, egungun nǹkan bí 130,000 sọ́jà Faransé àti Jámánì tí a kò mọ orúkọ wọn wà pọ̀ nínú ilé kan. Ní Paris, sọ́jà kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sin sábẹ́ Arc de Triomphe, kó dúró fún gbogbo àwọn tó kù. Láti 1923 ni wọ́n ti ń tan iná ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́.

Bí ẹ ṣe lè wá orúkọ

Ìjọba Faransé ní ojúewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "Mémoire des hommes". Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé àwọn tó kú fún Faransé nínú ogun 1914 sí 1918 tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan.

Kí ẹ tó wá a, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, abúlé rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ rántí pé bí akọ̀wé Faransé ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe kọ ọ́. Adéṣínà lè di "Adechina", Kétu lè di "Kétou". Ẹ dán an wò ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

Bí ẹ kò bá rí i, ìyẹn kò ní kó jẹ́ pé kò lọ. Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa àwọn tirailleurs tó ń béèrè owó wọn ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1944. Ọdún 2024 ni Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé mẹ́fà nínú wọn jẹ́ "Mort pour la France". Orúkọ tí àwọn àgbà bá sọ tí ẹ kò kọ, kò sí ìwé ìjọba tó máa bá yín rí i.