Akọ̀wé Johnson, láti Inú Ìwé dé Ojú Sinimá

Akọ̀wé ni Johnson. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, Gúúsù ló ti wá, ìjọba sì gbà á sí iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ní Fada, ìlú kan tí Joyce Cary fi ọgbọ́n inú dá sílẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Mister Johnson, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939. Ìwé apanilẹ́rìn-ín ni, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí tí ẹ̀rín náà di ikú. Ní 1990, Bruce Beresford, ọmọ Australia, sọ ọ́ di fíìmù, Nàìjíríà níbí ló sì ti yà á. Ìtàn kan náà ni wọ́n sọ. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá wá Fada lórí máàpù lọ síbi tí Cary fi í sí kò ní rí i, ṣùgbọ́n irú akọ̀wé tí Johnson jẹ́ gbé ayé rí, Lọ́kọ́ja sì ni ọ̀pọ̀ wọn gbà wọ Àríwá. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni William Balfour Baikie, dókítà ọkọ̀ ojú omi, tẹ ibùdó kan dó sí abẹ́ Òkè Pàtí, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Àjàyí Crowther àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti ní míṣọ̀n ní Gbebe ní òdìkejì odò kí wọ́n tó sọdá wá. Ọdún 1865 ni ilé-ìwé Holy Trinity ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, àwọn Núpé, Kàkàndá, Ẹ̀gbìrà àti Haúsá, gbogbo wọn ló ń ná ọjà kan náà létí odò yìí, àwọn Sàró tó mọ̀wé sì wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Frederick Lugard sì di aláṣẹ Àríwá. Àwọn tó ń mú àlejò gun Òkè Pàtí a máa sọ pé ibẹ̀ ni Flora Shaw jókòó sí tó fi sọ Nàìjíríà lórúkọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni obìnrin náà ti dá orúkọ yẹn lábàá ní oṣù Kìíní 1897, ọdún márùn-ún gbáko kí ó tó fẹ́ Lugard. Ìjọba kò pẹ́ ní Lọ́kọ́ja náà: ó ṣí lọ sí Jẹ́bà, ó dé Zungeru ní 1902, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Kàdúná ní 1917. Títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1991, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, Lọ́kọ́ja kò tún jẹ́ olú-ìlú ìjọba tó tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ibi yòówù kí ìjọba Lugard ṣí lọ, akọ̀wé ń tẹ̀ lé e. Òyìnbó kò pọ̀, ilẹ̀ sì fẹ̀. Ìwé ló so ìjọba náà ró. Ṣùgbọ́n Lugard ti ṣèlérí fún àwọn ẹ́míà pé òun kò ní fọwọ́ kan ẹ̀sìn wọn, nítorí náà, wọn kì í sábà gba àwọn míṣọ́nnárì láàyè láti kọ́ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Mùsùlùmí. Àwọn mọ̀wémọ̀wé tó mọ Lárúbáwá dunjú pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó lè kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́pọ̀. Ọdún 1909 ni Hanns Vischer tó ṣí ilé-ìwé ìjọba ní Kánò. Kó tó dìgbà náà, àti ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé míṣọ̀n láti Èkó, Abẹ́òkúta, Onitsha àti Sàró ló ń kọ ìwé ìjọba, tó ń tẹ wáyà, tó ń ka owó, tó sì ń ṣe ìṣírò ọjà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá Nnamdi Azikiwe; iṣẹ́ akọ̀wé ló gbé e dé Zungeru tí wọ́n fi bí ọmọ náà síbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1904.

Ipò akọ̀wé yìí le díẹ̀. Kò sí nínú ààfin, nítorí àjèjì ni, ẹ̀sìn rẹ̀ sì yàtọ̀. Kò sí nínú ilé òyìnbó, àfi bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, aṣọ tí ipò rẹ̀ sì ń béèrè ń jẹ owó. Síbẹ̀, òun ló mọ ohun tó wà nínú fáìlì. Ẹni tó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì, ẹni tó ní ẹjọ́, baálẹ̀ tí ajẹ́lẹ̀ ń bínú sí, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí akọ̀wé. Níbi tí agbára kékeré bá ti pàdé owó táṣẹ́rẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kò ní ṣaláì wáyé.

Cary mọ ibẹ̀ dáadáa. Ìlú Derry ní Ireland ni wọ́n bí i sí ní 1888. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ní 1914, ó bá wọn jagun ní Kamẹrúùnù, ọta sì bà á ní Òkè Mora ní 1915. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Borgu, níbi tí kò ti sí òyìnbó mìíràn nítòsí, tó ń la ọ̀nà, tó sì ń ṣe afárá. Ó kúrò ní Nàìjíríà ní 1920. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni Mister Johnson tó jáde. Ìrántí ọ̀dọ́ ajẹ́lẹ̀ kan ni àgbàlagbà òǹkọ̀wé jókòó ti ní Oxford, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un hun.

Nínú ìwé náà, ẹsẹ̀ Johnson kì í kanlẹ̀. Ó rí Bamu tó ń tu ọkọ̀ ojú omi, ó sì ṣèlérí lójú ẹsẹ̀ pé òun á sọ ọ́ di ìyàwó ìjọba. Owó orí tí àwọn ẹbí ọmọ náà bù fún un ju agbára rẹ̀ lọ, ó ní kò burú, ó wọ gbèsè. Kóòtù funfun, akẹtẹ̀ òyìnbó, agboòrùn àti bàtà dídán kan tó fẹ́ràn bí ojú ló fi ń rìn láàárín ìlú tí ẹnikẹ́ni kò wọ irú wọn. Ó ń pe England ní ilé, ó sì ń sọ fáráyé pé ọ̀rẹ́ òun ni Rudbeck, ajẹ́lẹ̀ kékeré tó ń bá a lò. Rudbeck náà ní ohun tó wọ̀ ọ́ lẹ́wù: ó fẹ́ la títì. Owó tán, ọ̀nà kò tíì dé ibì kankan. Johnson ló fi hàn án bí a ṣe lè fa owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nǹkan mìíràn sí ojú ọ̀nà, kí ìwé ìṣírò má sì pariwo. Òyìnbó tó yẹ kó kọ́ akọ̀wé ní òótọ́ wá di ọmọ-iṣẹ́ akọ̀wé nínú màgòmágó. Waziri, ìjòyè ẹ́míà Fada, ní tirẹ̀ ń fi owó tan Johnson kó lè mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà àṣírí ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Gollup, sójà àtijọ́ kan tó ń mutí, tó sì ń lu òṣìṣẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Johnson ti pa á ní òru ọjọ́ tó wá jalè.

Bí Cary ṣe sọ ìtàn náà ló mú kí ẹsẹ̀ Johnson má kanlẹ̀. Gbogbo ìwé náà ló kọ bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹni lọ́wọ́lọ́wọ́. Johnson kì í ronú ohun tó kọjá, kì í ronú ọ̀la, òǹkàwé náà kò sì ráyè ronú. Orin tí ó ń dá fúnra rẹ̀, ayọ̀ tó ń gbé e fò, inú orí rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ wọn. Èyí ni iṣẹ́ ọwọ́ tó dára jù nínú ìwé náà, ẹni tó bá sì kà á pẹ̀lú ìkanra nìkan yóò pàdánù rẹ̀.

Ìkanra náà sì ní ìdí. Nígbà tí òǹkọ̀wé gbé ojú kúrò lára Johnson láti júwe Fada, ohùn rẹ̀ yí padà: ó ní ìlú náà kò lẹ́wà, kò rọrùn, kò sì ní ìlera, ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń júwe ohun tó jẹrà. Ní oṣù Kẹwàá 1952, ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà gbóríyìn fún un pé kò sí ìtàn àròsọ nípa Áfíríkà tó dára tó o. Ní sáà yẹn náà ni wọ́n fi í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Chinua Achebe wà nínú kíláàsì náà, ó sì ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Home and Exile pé ẹlẹgbẹ́ òun kan sọ fún olùkọ́ wọn pé ibì kan ṣoṣo tó dùn mọ́ òun nínú ìwé náà ni ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Johnson. Olùkọ́ náà yóò ti yanu. Ìwé yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí Achebe rò ó pé àwọn onílé gbọ́dọ̀ sọ ìtàn ilé wọn. Things Fall Apart jáde ní 1958. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1956, Norman Rosten ti gbé Mister Johnson lọ sórí ìtàgé ní New York, Earle Hyman ló sì ṣe Johnson.

Àwọn tó wá ṣe fíìmù náà kì í ṣe àjèjì pátápátá. Beresford ti ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùtò fíìmù fún ìjọba Ìlà-Oòrùn ní Enugu láàárín 1964 sí 1966. William Boyd tó kọ ọ̀rọ̀ fíìmù náà, Àkírà ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ dókítà ní Ìbàdàn. Agbègbè Toro, ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, kò jìnnà sí Jọ́ọ̀sì, ni wọ́n ti yà á. Maynard Eziashi, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe Johnson. Pierce Brosnan ṣe Rudbeck. Edward Woodward ṣe Gollup. Bella Enahoro ni Bamu, Fẹ́mi Fátọ́bà, akéwì tó tún jẹ́ òṣèré, ni Waziri. Brimah, bàbá Bamu, ni Olóyè Hubert Ògúńdé.

Kámẹ́rà kò lè kórìíra ìlú bí gbólóhùn ṣe lè kórìíra rẹ̀. Ìpínrọ̀ tí Cary fi bú Fada kò ní àyè lójú sinimá, nítorí ohun tí olùwòran rí ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbòòrò, ògiri amọ̀, ẹṣin àti oòrùn ìrọ̀lẹ́; ilẹ̀ náà gbèjà ara rẹ̀. Fíìmù náà tún fi ọdún sí i: 1923 ni wọ́n gbé e kà, ó sì wá di ìtàn ìgbà àtijọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ti parí. Nínú ìwé ti 1939, ìjọba náà ṣì wà lórí àga.

Ọ̀rọ̀ owó orí Bamu fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Nínú ìwé, àwọn ẹbí ìyàwó jẹ́ oníwọra tó ń rẹ́ ọmọ aláìlóye jẹ. Nígbà tí Ògúńdé jókòó sí ipò bàbá náà, gbogbo ẹni tó ti wo àwọn fíìmù rẹ̀, Aiyé tàbí Jáíyésinmi, rí mọ irú bàbá tí wọ́n ń wò: ó wúwo, ó mọ iye ọmọ rẹ̀, kò sì kánjú. Ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àna tó ń fi kóòtù òyìnbó yangàn tí kò sì ní owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, bí wọn yóò ti fi irú rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní ìdána ibikíbi. Waziri ti Fátọ́bà náà kò jẹ́ elétekéte lásán. Òṣèlú ni, ó sì mọ ẹni tó ń bá lò. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ń dúró gírígírí yí Johnson ká ni ìwà ọmọdé rẹ̀ ń di tirẹ̀ nìkan, tí kì í ṣe ti ẹ̀yà kan. Rudbeck sì wá di ẹni tí ẹ̀rín kàn jù: òun àti títì rẹ̀, òun àti ìwé owó tí kò lè wò láìsí akọ̀wé.

Fíìmù náà pàdánù nǹkan. Inú orí Johnson kò ṣeé wọ̀. Eziashi ń fi ojú àti ẹsẹ̀ ṣe é, ó sì ṣe é débi pé ó gba Silver Bear fún òṣèré ọkùnrin tó dára jù ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 1991. Síbẹ̀, ẹni tó ń wò láti ìta a máa tètè rí àgbákò tó ń bọ̀, kò sì lè bá ọmọ náà gbàgbé rẹ̀. Ikú rẹ̀ náà gba ọ̀nà méjì. Nínú ìwé, Rudbeck wọn Johnson lórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn ìdájọ́ ikú kó lè mọ bí yóò ṣe so ó kọ́, bí òfin ti wí, kí ó tó gbà láti yìnbọn fún un fúnra rẹ̀ bí ọmọ náà ti bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìbọn, Cary kò dákẹ́: ó tẹ̀ lé Rudbeck, ó fi hàn bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó ṣe yangàn. Òǹkàwé tó ti ń bá a rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ rí i níbẹ̀ pé ajẹ́lẹ̀ náà ti sọ ikú akọ̀wé di ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Nínú fíìmù, ojú Brosnan ni a ní, ojú náà kò sì lè sọ tó bẹ́ẹ̀. Ní ti Ògúńdé, ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin 1990. Ipa Brimah ló ṣe gbẹ̀yìn nínú fíìmù.

Beresford àti Boyd tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. A Good Man in Africa, ìwé apanilẹ́rìn-ín tí Boyd fúnra rẹ̀ kọ ní 1981, dá lórí Morgan Leafy, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìlú tó jọ Ìbàdàn. Ohun tó so ẹ̀rín inú ìwé náà mọ́ ìrora ni òkú Innocence, ìránṣẹ́bìnrin tí àrá sán pa. Kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án títí àwọn tó ni Ṣàngó yóò fi ṣètùtù, bẹ́ẹ̀ ni àlejò pàtàkì láti ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀, ọ̀gá Leafy sì ní kí ó gbé òkú náà kúrò nílẹ̀ kíá. Yorùbá tó bá kà á kò nílò àlàyé. Owó ètùtù ń bẹ, àwọn mọ́gbà Ṣàngó kì í sì í fi iṣẹ́ wọn ṣeré. Fíìmù ti 1994 mú ọ̀rọ̀ òkú náà wọlé, Eziashi tún wà níbẹ̀, Sean Connery sì ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n South Africa ni wọ́n ti yà á, Louis Gossett, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n Adékúnlé, kò sì sí ẹnìkan láàárín àwọn tó yí òkú náà ká tó lè ṣe fún Ṣàngó ohun tí Ògúńdé ṣe fún owó orí Bamu.