Eruku Reggane

Ìyá kan bi mí lọ́jà pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé òótọ́ ni pé oró bọ́ǹbù wà nínú eruku ọyẹ́ tó ń bà lé láfún wa?" Mi ò fi ìyá rẹ́rìn-ín o.

Ní 13 Fẹ́búárì 1960, ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà ti Àljíríà. Agbára rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ti Hiroshima lọ. Dahomey wa kò tíì gba òmìnira nígbà yẹn. Ta ni ì bá bi wá léèrè? Ghana gbẹ́sẹ̀ lé owó Faransé, Nàìjíríà lé aṣojú wọn ní Jánúárì 1961. Síbẹ̀, 4 ni wọ́n yìn ní gbangba ní Reggane, 13 lábẹ́ òkè ní In Ekker, títí di 1966. Ni wọ́n bá kó ẹrù wọn lọ sí erékùṣù Moruroa.

Atẹ́gùn gbé lára eruku náà dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jìnnà ló ń fẹ́lẹ́. (Ẹ ṣáà máa bo láfún, eruku lásán náà ń mú ni wúkọ́.) Àwọn tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn jù. Wọ́n ti hú irin àti wáyà níbẹ̀ lọ lò.

Àwọn onímọ̀ AIEA lọ yẹ ilẹ̀ náà wò ní 1999. Ní 2021, Àljíríà dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìmọ́tótó ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Faransé ri ẹrù olóró mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn, Àljíríà sì ń bèèrè àwòrán ilẹ̀ tó fi ibẹ̀ hàn. Plutonium ń lo nǹkan bí 24,000 ọdún kó tó dín sí ìdajì. Ta ló máa rántí ibẹ̀ nígbà náà tí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀?

Ẹ wo Bikini, erékùṣù tí Amẹ́ríkà ti dán bọ́ǹbù wò. Wọ́n ní ó ti mọ́, àwọn èèyàn padà sílé. Àgbọn ni wọ́n ń jẹ, omi rẹ̀ ni wọ́n ń mu, igi àgbọn sì ń fa caesium látinú ilẹ̀ bí ẹni pé ajílẹ̀ ni. Ní 1978, wọ́n tún kó wọn kúrò, oró ti wọ̀ wọ́n lára.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ ètò ìmọ́tótó Reggane, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n ti jókòó ti àwọn darandaran: níbo ni ràkúnmí yín ti ń mumi, irin wo lẹ fi kọ́lé, kí lẹ fi ń se oúnjẹ ọmọ?